Ìfófòó ẹnu ọmọ tó ní wárápá, ife omi, ẹran tí ìyá rún fọ́mọ: èwo gan-an ló ń kó àrùn ranni?

Tíṣà_Ìkàrẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi débí. Ọmọ kíláàsì mi kan ṣubú láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá nígbà tí a wà lórí ìlà, tí a ń kọ orin orílẹ̀-èdè. Wárápá ni. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ ti fọ́n ká bí ẹni tí oyin ń lé. Àwa àgbà náà ò kẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ kan ń pariwo pé, "Ẹ má tẹ ìfófòó ẹnu ẹ̀ o! Ẹ má jẹ́ kó kàn yín!" Ìyá tó ń ta ìrẹsì fún wa sáré mú ṣíbí irin dé, ó fẹ́ fi la ẹnu rẹ̀. Èmi ni mo kúnlẹ̀ tì í, àyà mi sì ń já pà-pà-pà.

Ní báyìí, àwọn òbí kan ti wá bá ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní kí ọmọ náà máa jókòó lọ́tọ̀, kó ní ife tiẹ̀, kó má sì fẹnu kan ẹ̀rọ omi tí àwọn yòókù ń mu. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀gá sì ti ní èmi ni n ó sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìlera, ṣé itọ́ ẹni tí wárápá gbé lè ranni? Bí kò bá lè ranni, àrùn wo ló ń gba inú itọ́ ranni? Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n máa bi mí tẹ̀lé e nìyẹn.

Akin_Ìjẹ̀bú

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ ẹ rọra o. Nílé tiwa, bàbá àgbà kì í gbà kí ẹnikẹ́ni kọjá níbi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣubú sí. Iyanrìn la máa ń bù bo ìfófòó náà. Mo sì mọ ilé kan tí ẹ̀gbọ́n ní in, tí àbúrò tún ní in. Bí kì í bá ṣe pé ó ń ranni, báwo ló ṣe dé ara àbúrò?

Nọ́ọ̀sì_Títí

Tíṣà, ẹ kú akin. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin lẹ ṣe ohun tó yẹ.

Wárápá kì í ran ẹnikẹ́ni. Kò sí nǹkan kan nínú ìfófòó yẹn tó lè sọ ẹlòmíì di oníwárápá, ẹ tẹ̀ ẹ́ o, ẹ fọwọ́ nù ún o. Inú ọpọlọ ni ọ̀ràn náà wà: iná tín-ín-tín tí ọpọlọ fi ń rán ara níṣẹ́ ló ṣàdédé dàrú. Ara á le gbagidi, á máa gbọ̀n, ẹni náà kò sì ní lè gbé itọ́ mì. Itọ́ tí kò gbé mì yẹn ni èémí ń fẹ́ tó fi ń hó. Bó bá pupa díẹ̀, ó ti gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ ni.

Akin, ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí o sọ: oríṣi wárápá kan wà tí ènìyàn ń jogún. Ọ̀pọ̀ tí a ń rí níbí sì wá láti inú nǹkan tó ti ṣe ọpọlọ léṣe: ìrọbí tó pẹ́ tí ọmọ kò fi tètè ké, ibà tó wọ ọpọlọ ọmọdé, yírùnyírùn, orí tó fọ́ nínú ìjàm̀bá ọ̀kadà. Aràn inú ẹlẹ́dẹ̀ náà ń fà á, bí ènìyàn bá gbé ẹyin rẹ̀ mì nínú oúnjẹ tàbí omi tí ìgbẹ́ ènìyàn ti kàn. Àwọn ọmọ ilé kan náà, agbẹ̀bí kan náà, omi kan náà. Kò di dandan kí ọ̀kan kó o ran èkejì.

Tíṣà, ohun tó ṣe pàtàkì jù tí ẹ lè sọ fún wọn ni ohun tí wọ́n máa ṣe bó bá tún gbé e. Kí wọ́n dà á sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde, kí wọ́n fi súwẹ́tà tàbí báàgì rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, kí wọ́n kó àga àti òkúta kúrò nítòsí. Kí wọ́n má dì í mọ́lẹ̀. Kí wọ́n má ki nǹkan kan bọ ẹnu rẹ̀ láéláé. Mo ti rí eyín iwájú tí ṣíbí ká, mo sì ti rí ìka bàbá kan tí eyín fẹ́rẹ̀ẹ́ gé jábọ́. Kí ẹnìkan máa wo aago. Bó bá lé ní ìṣẹ́jú 5 tí kò dáwọ́ dúró, tàbí tó tún bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó là, ilé ìwòsàn ló kàn.

Akin_Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣé, àǹtí nọ́ọ̀sì. N kò kàn mọ bí n ó ṣe sọ fún bàbá pé kí wọ́n má bu iyanrìn mọ́ ni.

Nọ́ọ̀sì_Títí

Ẹ jẹ́ kí wọ́n bù ú. Iyanrìn kò pa ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà rí i pé ẹnìkan kúnlẹ̀ ti ọmọ náà.

Ìyá_Ìbejì_Mushin

Ẹ jẹ́ kí n gba ibí wọlé. Àbúrò ọkọ mi ní ikọ́ fée lọ́dún tó kọjá. Ìyá ọkọ mi ya abọ́ rẹ̀, ife rẹ̀ àti ṣíbí rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí wọn nídìí, omi gbígbóná ni wọ́n fi ń fọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n yàrá kan náà ni òun àti àwọn ọmọ ń sùn, fèrèsé wà ní títì pa nítorí ẹ̀fọn. Nígbà tó yá tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, èmi ni wọ́n dojú kọ, wọ́n ní mo ti fi abọ́ alámì bu oúnjẹ fọ́mọ. Títí dòní ni wọ́n ń fi sọ mí lọ́rọ̀.

Káyọ̀dé_Láàbù

Màmá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin ò jẹ̀bi, abọ́ náà ò jẹ̀bi. Ikọ́ fée kì í gba orí abọ́, ife, ṣíbí tàbí ìbọwọ́ ranni, kì í tilẹ̀ gba ìfẹnukonu. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Bí ẹni tó ní in nínú ẹ̀dọ̀fóró bá wúkọ́, bó bá sọ̀rọ̀, bó bá kọrin, nǹkan wínníwínní tí ojú kò lè rí máa ń jáde, wọ́n á sì máa fò kiri nínú yàrá fún ọ̀pọ̀ wákàtí bí afẹ́fẹ́ ò bá ráyè wọlé. Ẹni tó bá fà á símú títí tó fi dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló ń kó o. Fèrèsé yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n ṣí. Nẹ́ẹ̀tì ló wà fún ẹ̀fọn.

Ohun kan tí mo máa ń bá àwọn aláìsàn fà ní láàbù nìyí. N ó fún wọn ní ike kékeré, n ó ní kí wọ́n wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Wọn á lọ sẹ́yìn ògiri, wọn á tu itọ́ funfun tó ń hó sínú rẹ̀, wọn á gbé e fún mi tayọ̀tayọ̀. N ó dá a padà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki, tó rí bí ọyún díẹ̀, là ń wá, torí inú rẹ̀ ni kòkòrò náà ń gbé. Itọ́ lásán lè mú kí àyẹ̀wò sọ pé ènìyàn kò ní in nígbà tó ní in.

Bí ikọ́ bá ti tó ọ̀sẹ̀ 2, kí ènìyàn lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ láwọn ibùdó ikọ́ fée ìjọba ní Nàìjíríà. Oṣù 6 ni èyí tí kò lágídí ń gbà. Bí ẹni náà bá sì ti ń lo oògùn déédéé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, agbára rẹ̀ láti ran ẹlòmíì máa ń lọ sílẹ̀ gan-an. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 tí wọ́n ń bá a gbélé, oògùn ìdènà wà fún wọn. Ẹ lọ béèrè rẹ̀.

Sùúrù_Lérè

Tèmi, Hepatitis B ni, fáírọ́ọ̀sì tó ń mú ẹ̀dọ̀. Wọ́n rí i lára mi nígbà àyẹ̀wò kí n tó wọṣẹ́. Mo sọ fún àfẹ́sọ́nà mi, òun náà sọ fún ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá lọ sílé wọn, abọ́ àlòsọnù ni wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún mi, wọn á sì sọ ọ́ nù lójú mi. Mo ti kà á níbì kan pé fáírọ́ọ̀sì náà wà nínú itọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni wọ́n ń ṣe?

Nọ́ọ̀sì_Títí

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Òótọ́ ni pé wọ́n lè rí i nínú itọ́, ṣùgbọ́n ó kéré níbẹ̀ sí ti inú ẹ̀jẹ̀. Kéèyàn jọ jẹun, jọ mumi, dì mọ́ra, bọwọ́, wúkọ́ síra, èyíkéyìí nínú wọn kò gbé Hepatitis B. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e, àti ìbálòpọ̀, àti ìyá sí ọmọ nígbà ìbí. Bí ẹni tó ní in bá gé ẹlòmíì jẹ tí ara bẹ́, ìyẹn léwu.

Kàkà kí wọ́n máa ju abọ́ nù, ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bá ọ pín ni búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín (ẹran ìdí eyín máa ń ṣẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀), abẹ ìfárùngbọ̀n, ohun ìgékáná, abẹ́rẹ́. Fáírọ́ọ̀sì yẹn lè wà láàyè níta ara fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ pàápàá. Abẹ àti mọ́ṣíìnì onígbàjámọ̀ tó ń ti orí ẹnìkan bọ́ sórí ẹlòmíì ló ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe abọ́ ọbẹ̀.

Kí àfẹ́sọ́nà rẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí kò bá ní in, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára: ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lẹ́yìn oṣù 1, ọ̀kan ní oṣù 6. Ọdún 2004 ni Nàìjíríà fi í kún àwọn abẹ́rẹ́ ọmọdé, nítorí náà ọ̀pọ̀ wa tí a ti dàgbà kò gbà á rí. Ìwọ náà, wá dókítà ẹ̀dọ̀. Gbogbo èèyàn kọ́ ló nílò oògùn, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn tó ní in ló nílò kí wọ́n máa ṣọ́ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń ta àgbo "fọ ẹ̀dọ̀" yóò wá bá ọ láìpẹ́. Má dá wọn lóhùn. Ẹ̀dọ̀ tí nǹkan ń ṣe kò fẹ́ ìyọnu míì.

Ṣẹ́gun_Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ n bi àwọn ará láàbù. Gbogbo ìgbà lẹ máa ń sọ pé HIV kì í gba inú itọ́. Kí ló wá dé tí àyẹ̀wò tí mo rà ní kẹ́mísì fi ní kí n fi igi pẹlẹbẹ kan nu ìdí eyín mi lókè nísàlẹ̀? Bí kò bá sí nínú itọ́, kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀?

Káyọ̀dé_Láàbù

Ìbéèrè gidi nìyẹn, bọ̀dá. Àyẹ̀wò yẹn kò wá HIV fúnra rẹ̀. Ohun tó ń wá ni èròjà tí ara ń pèsè láti fi bá HIV jà, tó sì máa ń hàn nínú omi tó ń sun láti ìdí eyín. Ti HIV fúnra rẹ̀, itọ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn èròjà kan wà nínú itọ́ tó ń rẹ agbára rẹ̀ sílẹ̀, ìwọ̀nba tó sì máa ń wà níbẹ̀ kò tó láti ranni. Ìfẹnukonu, ife, ṣíbí, ìtutọ́síni, èyíkéyìí nínú wọn kò ran HIV.

Ẹ rántí ohun méjì. Bí àyẹ̀wò kẹ́mísì bá sọ pé ó wà, ẹ lọ ilé ìwòsàn kí wọ́n tún un ṣe kí ẹ tó gbà á gbọ́. Bí ohun tí ẹ ń bẹ̀rù bá sì ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù 3 sẹ́yìn, èsì tó ní kò sí kò tíì dájú, torí ara lè má tíì pèsè èròjà náà tó.

Akin_Ìjẹ̀bú

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a lè máa fi igbá kan ṣoṣo mu ẹmu lọ nìyẹn 😄

Káyọ̀dé_Láàbù

Nítorí HIV, Hepatitis B àti ikọ́ fée, ẹ máa mu ún. Nítorí ọ̀finkìn, ọ̀nà ọ̀fun tó ń dunni àti àwọn tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ ṣan igbá náà kí ó tó kan ẹlòmíì.

Tíṣà, àwọn tó ń gba inú itọ́ nìyí. Ẹ ó kọ́kọ́ bá ṣègede pàdé nílé ìwé yín. Itọ́ àti ohun tó ń ta jáde nígbà tí ọmọ bá sín tàbí wúkọ́ ló ń gbé e, ó sì ti ń ranni kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú. Ọmọ tó bá ní in, ẹ jẹ́ kó sinmi nílé títí ọjọ́ 5 lẹ́yìn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Abẹ́rẹ́ ìdènà rẹ̀ wà, àmọ́ kò sí lára èyí tí ìjọba ń fún ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà.

Yírùnyírùn náà wà ńbẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ lè máa gbé ọ̀nà ọ̀fun ẹnìkan láìṣe é ní nǹkan kan, ẹni náà á sì fi ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá há-há. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fún gbogbo ará ilé aláìsàn náà ní oògùn.

Ọ̀kan wà tí ó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Epstein-Barr, inú itọ́ gan-an ni ilé rẹ̀. Nílẹ̀ tiwa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọmọ ló ń kó o kí ó tó dàgbà tó ọmọ ilé ìwé, a kì í sì í mọ̀, torí ó dà bí ọ̀finkìn lásán. Ní 1964 ni Epstein, Achong àti Barr rí i, inú kókó tí wọ́n gé lára ọmọ ilẹ̀ Uganda ni wọ́n sì ti rí i, irú jẹjẹrẹ tó ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé tí dókítà Burkitt kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1958. Ẹ gbọ́ mi yé o: jẹjẹrẹ náà kì í ranni. Fáírọ́ọ̀sì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lára gbogbo wa. Ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀, pàápàá níbi tí ibà ti ń mú wọn léraléra, ló ń já sí jẹjẹrẹ lára wọn.

Àdùkẹ́_Peckham

Ẹ má gbàgbé iléròrò tó ń yọ sétè o. Nígbà tí mo bímọ níbí, ìkìlọ̀ tí agbẹ̀bí kọ́kọ́ ṣe fún mi ni pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ní egbò létè fẹnu ko ọmọ mi lẹ́nu. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àǹtí kan dé, iléròrò wà létè wọn, wọ́n sì ti na ọwọ́. Mo fọgbọ́n gbé ọmọ fún ẹlòmíì. Wọ́n ní mo ti di òyìnbó.

Nọ́ọ̀sì_Títí

Àdùkẹ́, o ṣe dáadáa. Lára àgbà, kì í ju kó ta ni létè lọ. Lára ọmọ tí kò tíì pé oṣù 1, ó lè wọ ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ, ó sì lè pa á. Ẹsẹ̀ ọmọ wà fún àwọn tó bá fẹ́ fẹnu kò ó.

Màmá_Ìkirè

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ kú làákàyè. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tí mo bí ni mo rún ẹran fún, mo tún rún un fún àwọn ọmọ-ọmọ. Kò sí èyí tó kú. Ṣé ìyẹn náà ti di àrùn?

Nọ́ọ̀sì_Títí

Ẹ kú alẹ́, Màmá. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wọn. Ìfẹ́ la fi ń ṣe é, ìyá tèmi náà ṣe é fún mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnu àgbà máa ń ní egbò tí kò mọ̀, ẹran ìdí eyín sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní 2009, àwọn dókítà kọ̀wé nípa ọmọdé 3 tó ní HIV, tí wọ́n sì gbà pé oúnjẹ tí alágbàtọ́ tó ní kòkòrò náà rún fún wọn ni wọ́n fi kó o. Itọ́ kọ́ ló gbé e, ẹ̀jẹ̀ inú itọ́ ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kòkòrò tó ń jẹ eyín, láti ẹnu ìyá ni ọmọ sábà máa ń gbà á. Ẹ lọ ẹran náà lórí ọlọ, tàbí kí ẹ gún un, kí ẹ pò ó mọ́ ọbẹ̀. Yóò dùn mọ́ wọn lẹ́nu bákan náà.

Màmá_Ìkirè

Èmi ò ní àrùn kankan o. Àmọ́ mo ti gbọ́. Ọlọ wà lẹ́yìnkùlé.

Ṣẹ́gun_Ìbàdàn

Ibà ńkọ́? Ìyàwó mi ní mo kó ibà ran òun 😂

Káyọ̀dé_Láàbù

Itọ́ yín kọ́ o, itọ́ ẹ̀fọn ni. Bí ẹ̀fọn bá fẹ́ mu ẹ̀jẹ̀, á kọ́kọ́ tu itọ́ rẹ̀ sí wa lára, inú itọ́ yẹn sì ni kòkòrò ibà ń gbà wọlé. Ẹ ra nẹ́ẹ̀tì fún ìyàwó.

Ọdẹ_Ìṣẹ́yìn

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n dá ọ̀rọ̀ yín dúró. Ajá mi gé ọmọ aládùúgbò jẹ ní àtẹ́lẹsẹ̀ sókè díẹ̀ lálẹ́ àná. Wọ́n ti gé irun ajá náà, wọ́n sun ún, wọ́n fi epo pupa pò ó sójú egbò. Egbò náà kò jìn. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Títí

Bọ̀dá, kò tó rárá. Nínú gbogbo itọ́ tí a ti ń sọ láti òkè, itọ́ tó léwu jù lọ nìyí. Inú itọ́ ajá ni dìgbòlugi ń gbé. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí hàn lára ènìyàn, tí omi ń bà á lẹ́rù, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Ṣùgbọ́n kó tó hàn, a lè dá a dúró pátápátá.

Ní báyìí, ẹ nu epo yẹn kúrò. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà sábẹ́ omi tó ń ṣàn, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, ẹ má fi bọ́ǹdéèjì dì í. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n máa fún un: lónìí, ní ọjọ́ 3, ní ọjọ́ 7, ó sì lè dé ọjọ́ 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ara bá bẹ́ tó ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n tún máa ń gún oògùn kan sójú egbò gan-an. Ẹ bi wọ́n léèrè rẹ̀.

Ọdẹ_Ìṣẹ́yìn

Ajá náà ń jẹun, kò ṣe nǹkan kan. Bàbá ọmọ ní ká dúró wò ó ná.

Nọ́ọ̀sì_Títí

Ẹ má dúró. Ajá lè dà bí ẹni tí ara rẹ̀ le, kí itọ́ rẹ̀ sì ti ní in. Ẹ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́, ẹ so ajá náà mọ́lẹ̀, ẹ máa fún un lóúnjẹ, ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Bó bá ṣì wà láàyè tí ara rẹ̀ dá lẹ́yìn ọjọ́ 10, dókítà lè dá abẹ́rẹ́ tó kù dúró. Ẹ má pa á. Bó bá kú, ẹ pe dókítà ẹranko, orí rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Ọdẹ_Ìṣẹ́yìn

A ti fọ̀ ọ́. Mo ti gbé òun àti bàbá rẹ̀ sórí ọ̀kadà, Jẹ́nẹ́rà la ń lọ.

Nọ́ọ̀sì_Títí

Bí ajá náà bá ní káàdì àjẹsára, ẹ mú un dání. Bí wọ́n bá sì sọ fún yín pé abẹ́rẹ́ ti tán níbẹ̀, ẹ má padà sílé o. Ẹ bi wọ́n pé ibo ló wà, kí ẹ sì lọ síbẹ̀ lónìí.